Kóró èso tí mo sá gbẹ kò hù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alágbàlá_Kékeré

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ igi. Láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kó kóró èso tí a bá jẹ nílé jọ: máńgòrò, ọsàn, píà, ìbẹ́pẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo fọ̀, mo sá wọn sójú fèrèsé títí wọ́n fi gbẹ táútáú, mo wá wé wọn sínú ìwé bí ẹni tó ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo de òjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí tí mo ti gbìn wọ́n sínú ike. Mò ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, mò ń bomi rin wọ́n lálẹ́. Títí di òní, ìbẹ́pẹ méjì péré ló yọjú, ọ̀kan nínú wọn sì ti wó lulẹ̀ lánàá bí ìgbà tí ẹnì kan fi abẹ gé e nídìí.

Kí ni mo ṣe tí kò bójú mu? Àti pé, bí mo bá tiẹ̀ rí i kí wọ́n hù, ṣé èso tí wọn yóò so máa dùn bí èyí tí mo jẹ?

Ìyá Eléso

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ìwọ fúnra rẹ ti fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó pa wọ́n: o tọ́jú wọn bí àgbàdo. Àgbàdo, ẹ̀wà, ata, tòmátì, gbogbo wọn ló fẹ́ gbígbẹ. Bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á sùn, wọ́n á sì dúró de ọdún tó ń bọ̀. Kóró máńgòrò àti ti píà kò mọ oorun sùn ní tiwọn. Láti inú èso ni wọ́n ti lajú sílẹ̀, omi inú wọn sì ni ẹ̀mí wọn. Bí omi yẹn bá ti tán, ó ti tán, bí o rì wọ́n sínú odò wọn kò ní jí.

Tèmi ni pé ọjọ́ tí mo bá jẹ èso ni mò ń gbin kóró rẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá dí, màá wé e sínú tíṣù tí mo fi omi tù, màá dì í sínú ọ̀rá, màá gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Ó máa ń dúró dè mí fún ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀. Kóró ọsàn náà kò fẹ́ gbígbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tètè kú tó ti máńgòrò. Ìbẹ́pẹ ló ṣeé sá nínú gbogbo èyí tí o dárúkọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló dá ọ lóhùn.

Àfọwọ́gbìn

Ẹ jẹ́ kí n fi ti máńgòrò kún ọ̀rọ̀ Ìyá, torí òun ni mo gbìn jù, òun náà ni mo sì ti fi ọwọ́ ara mi pa jù.

Ohun líle tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá jẹ máńgòrò tán, ilé ni. Kóró gan-an jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbin odidi ilé náà, ó lè hù o, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá òkú ni ẹ ń bomi rin. Èmi máa ń fọ gbogbo ara èso kúrò lára rẹ̀, màá wá gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọjọ́ kan péré, kó má baà máa yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, màá fi sísọ́ọ̀sì tó lágbára gé etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́, màá sì là á bí ẹni ń la ẹ̀pà. Ẹ má lo ọ̀bẹ. Àpá tó wà ní àtàǹpàkò mi kò jẹ́ kí n gbàgbé.

Ẹ ó bá ohun kan nínú rẹ̀ tó dà bí erèé ńlá. Bí ara rẹ̀ bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, tó sì le lọ́wọ́, ó dára. Bí ẹ bá rí ihò tí ẹbọ́tọ dúdú ń ti inú rẹ̀ dà, kòkòrò ti kó lọ síbẹ̀ ṣáájú yín, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ wé èyí tó dára sínú tíṣù tútù (kó tutù ni o, kí omi má máa kán lára rẹ̀), kí ẹ fi sínú ọ̀rá, síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, gbòǹgbò á ti yọ. Ẹ wá gbìn ín, kí gbòǹgbò kọjú sísàlẹ̀, kí erùpẹ̀ sì kàn bò ó ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń já àwọn tuntun láyà: ewé àkọ́kọ́ tí máńgòrò bá yọ máa ń pọ́n, á sì rọ̀ dirodiro bí ohun tó fẹ́ kú. Àrùn kọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Bàbá Onímáńgòrò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ìbéèrè kejì ọmọ yìí ló ta kókó jù, kò sì tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín ni pé ọmọ mélòó ló wà nínú kóró náà. Nínú irú máńgòrò kan, ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú kóró. Ìyá rẹ̀ ni igi tí ẹ ti ká a. Bàbá rẹ̀ ni igi yòówù tí eṣinṣin tàbí oyin ti gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jọ ìyá, ó lè jọ bàbá, ó sì lè lọ jọ bàbá àgbà kan tí èso rẹ̀ kan, tí okùn kún inú rẹ̀.

Nínú irú mìíràn, ẹ ó rí i tí kóró kan ṣoṣo á yọ èéhù méjì, mẹ́ta, nígbà míì márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ló ní bàbá, bí ìyẹn bá tiẹ̀ yè. Ara ìyá nìkan ni àwọn yòókù ti jáde. Ìyá wọn gan-an ni wọ́n, kò sí lẹ́búlẹ́bú nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Èso tí ẹ jẹ ni wọn yóò so.

Àwọn máńgòrò tó ṣẹ̀ wá láti Íńdíà, ọlọ́mọ kan ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ṣẹ̀ wá láti apá Fílípíìnì àti Táílàndì sábà máa ń jẹ́ ọlọ́mọ púpọ̀. Ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́, ọlọ́mọ púpọ̀ ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ọsàn gàgàrà tí wọ́n ń pè ní pọ́mẹ́lò, ọlọ́mọ kan ni. Píà àti ápù, ọlọ́mọ kan ni àwọn náà. Ẹni tó bá gbin kóró wọn, kó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àjòjì ló ń tọ́.

Ẹ_Má_Bínú_Sí_Mi

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ẹ lọ ra igi tí wọ́n ti so ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa mọ́ lórí. Láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti ń jẹ máńgòrò. Ẹ̀yin tí ẹ gbin kóró, ẹ ṣì wà lẹ́nu fífọ́n omi. Kí ẹ wá fi ọdún mẹ́wàá tọ́ píà kan, kó wá so èyí tí kò ní itọ́wò!

Ìyá Eléso

Ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe irọ́, èmi náà ní irú igi bẹ́ẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ẹ̀ka tí wọ́n ń so mọ́ orí igi yẹn, níbo ni òun náà ti wá?

Píà Hass tó gba gbogbo ayé kan yìí, inú kóró ló ti jáde. Ọkùnrin kan tó ń pín lẹ́tà kiri, Rudolph Hass, ló gbin kóró náà sí Kalifóníà ní àwọn ọdún 1920. Igi lásán tó fẹ́ so ẹ̀ka píà mìíràn mọ́ ló pè é. Ó so ó títí, kò mú. Ó fi í sílẹ̀, igi náà dàgbà fúnra rẹ̀, èso rẹ̀ sì wá dára ju èyí tó fẹ́ so mọ́ ọn lọ. Ní 1935 ni wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Gbogbo Hass tó wà láyé lónìí, ẹ̀ka igi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n, igi náà fúnra rẹ̀ sì kú ní 2002. Ápù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní Granny Smith náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe hù fún ìyá àgbà kan ní Ọsirélíà, Maria Ann Smith, ní 1868. 

Ẹ_Má_Bínú_Sí_Mi

Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló gbin kóró píà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ wọn?

Bàbá Onímáńgòrò

Òun náà lọ́rọ̀ o. Kò burú, ọ̀nà àárín wà. Ẹ gbin kóró. Bí igi náà bá tó nípọn bíi pẹ́ńsù ìkọ̀wé, ẹ tọrọ ẹ̀ka lára igi tí èso rẹ̀ wù yín, kí ẹ sì so ó mọ́ ọn. Irú kan náà ni kí ẹ so pọ̀: máńgòrò mọ́ máńgòrò, píà mọ́ píà. Igi yín á ní gbòǹgbò tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbìn, èso rẹ̀ á sì jẹ́ èyí tí ẹ ti tọ́ wò.

Ọlọ́wọ́_Tútù

Píà rọrùn jù nínú wọn! Ẹ gún igi ìtayín mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ẹ̀gbẹ́ kóró rẹ̀, ẹ gbé e lé ẹnu ife omi, kí ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ wà nínú omi, kí orí rẹ̀ tó ṣóńṣó wà lókè. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Á là, gbòǹgbò á yọ nísàlẹ̀, ẹ̀ka á yọ lókè. Àwọn ọmọ mi kì í kúrò nídìí rẹ̀.

Ẹlẹ́rùpẹ̀

Ó dára fún ìran wíwò, ṣùgbọ́n èmi kò gún kóró kankan mọ́. Gbòǹgbò tó bá dàgbà nínú omi, bí ẹ bá gbé e wọ erùpẹ̀, ó máa ń ṣe é bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ sílùú àjèjì. Mo ti pàdánù mẹ́rin bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo pẹ́ jù kí n tó gbé wọn jáde. Báyìí, inú erùpẹ̀ rírọ̀ ni mò ń gbìn ín sí tààrà, ìdí sísàlẹ̀, orí sókè, kí ìlàjì kóró wà níta. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, ẹ má wú u wò. (Mo mọ̀ pé ẹ ó wú u wò.)

Ṣùgbọ́n ti ìbẹ́pẹ tó wó lulẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó gé e. Àrùn kan wà nínú erùpẹ̀ tó bá ń tutù ṣáá: á jẹ ọrùn èéhù níbi tó ti kan ilẹ̀, ọrùn náà á tín-ín-rín bí òwú, èéhù á sì dojú bolẹ̀. Èyí tó bá ti wó kò ṣeé gbà là. Ohun tó fà á ni omi àárọ̀ àti ti alẹ́ yẹn. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kan. Bí ó bá tutù níbẹ̀, ẹ padà sílé, kò fẹ́ omi. Ike yín, ṣé ẹ lu ìdí rẹ̀?

Alágbàlá_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí. Mi ò lù ú.

Ẹlẹ́rùpẹ̀

Ha! Ẹrẹ̀ ni ẹ sin wọ́n sí nìyẹn. Gbòǹgbò náà ń mí, bí omi bá gba ibi tí afẹ́fẹ́ yẹ kó wà, á rà ni. Ẹ lu ihò márùn-ún mẹ́fà sídìí ike kọ̀ọ̀kan. Ẹ po ilẹ̀dú pẹ̀lú iyanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi, kí omi lè máa gbà á kọjá. Ẹ má tíì fi ajílẹ̀ sí i. Oúnjẹ tí èéhù máa jẹ ní oṣù àkọ́kọ́ ti wà nínú kóró, ajílẹ̀ tútù á sì jó gbòǹgbò rẹ̀.

Kí ike náà jìn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Olórí gbòǹgbò igi eléso máa ń sáré lọ sísàlẹ̀ kí ewé tó pọ̀ lókè. Bí ó bá kan ìdí ike kékeré, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po bí ejò, ìyípo yẹn kò sì ní tọ́ mọ́ láéláé, kódà bí ẹ bá gbé e lọ sóko. Ike omi onílítà méjì tí a gé lórí ṣe é lò. Bí ẹ bá ti rí gbòǹgbò nínú ihò ìdí rẹ̀, àkókò ti tó láti gbé e sínú èyí tó tóbi jù.

Ìyá Eléso

Níwọ̀n ìgbà tí ìbẹ́pẹ kan ṣì ṣẹ́kù, gbin òmíràn tì í, torí ìbẹ́pẹ kò ṣeé gbin lẹ́yọ kan. Igi rẹ̀ mìíràn jẹ́ akọ, òmíràn jẹ́ abo, òmíràn sì ní ti akọ àti ti abo lórí òdòdó kan náà. Akọ kì í so, yàtọ̀ sí pé ó lè ṣèèṣì. Abo kò lè so dáadáa bí akọ tàbí oníméjì kò bá sí nítòsí. Kò sí ẹni tó lè wo kóró tàbí èéhù kó sọ èwo ni. Mẹ́ta sí mẹ́rin ni mo máa ń gbìn sójú kan, títí wọ́n á fi yọ òdòdó. Òdòdó akọ máa ń rọ̀ sílẹ̀ lórí okùn gígùn, ó kéré, ó sì pọ̀ yamùrá. Ti abo tóbi, ó lẹ̀ mọ́ ara igi. Bí mo bá ti dá wọn mọ̀, màá gé akọ tó bá pọ̀ jù.

Kóró rẹ̀, jọ̀ọ́, fọ àwọ̀ tó ń yọ̀ yẹn kúrò lára rẹ̀. Fi í sínú asẹ́, kí o fi ọwọ́ ra á lábẹ́ omi títí á fi hunjọ lọ́wọ́. Àwọ̀ yẹn kì í jẹ́ kó hù. Ojú kan tí yóò dúró sí ni kó o gbìn ín sí bí ó bá ṣeé ṣe, kò fẹ́ kí a máa ṣí òun kiri. Ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn sí i ju gbogbo wọn lọ: kí ọdún kan tó pé díẹ̀, o lè ti máa jẹ nínú rẹ̀.

Àbúrò_Olóko

Ápù ńkọ́? Mo gbin mẹ́wàá, ẹyọ kan kò hù, mi ò sì sá wọn o!

Àfọwọ́gbìn

Ápù fẹ́ òtútù. Ní ibi tó ti wá, kóró rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hù kí ìgbà òtútù tó kọjá, torí bí ó bá hù síwájú rẹ̀ yóò kú, nítorí náà ó ń ka ọjọ́. Ẹ tàn án jẹ: ẹ wé e sínú tíṣù tútù, sínú ọ̀rá, sínú fìríìjì (kó má wọ ibi tó ń di yìnyín), fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Bí nǹkan funfun bí òwú bá bò ó, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ pààrọ̀ tíṣù. Igi ápù kan kì í sábà dá so, ó fẹ́ ẹnìkejì tí kì í ṣe irú tirẹ̀ gan-an. Bí ibi tí ẹ wà bá sì ń gbóná yíká ọdún, ẹ má fi ọkàn sí èso rẹ̀.

Àbúrò_Olóko

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn dúdú kéékèèké inú rẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Onímáńgòrò

Àwòrán kóró nìyẹn, wọn kò lè hù. Ọmọ ìdí rẹ̀ ni kí ẹ yọ gbìn. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà, ẹ gbin adé orí rẹ̀. Kajú sì nìyí, ẹ gbin odidi kóró rẹ̀ pẹ̀lú èèpo, ẹ má gbìyànjú láti là á bíi ti máńgòrò, òróró inú èèpo yẹn máa ń bó ènìyàn lára.

Kò_Sí_Ìkánjú

Ẹ kò tíì sọ iye ọdún fún ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kó mọ̀. Gúrófà lè so láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin. Máńgòrò láti inú kóró, ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Píà, ó lè tó márùn-ún, ó lè ju mẹ́wàá lọ. Ọsàn tèmi gba ọdún mẹ́sàn-án, ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀gún ló ń fi dá mi lóhùn, ẹ̀gún tó gùn bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ. Gbogbo ẹni tó kọjá ló ń ní kí n gé e. Ọ̀dọ́ ló ń ṣe é. Àwọn ẹ̀ka òkè tó dàgbà tó láti so kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gún mọ́. Ẹ má gé orí ọsàn ní gbogbo ìgbà, ńṣe ni ẹ ó máa dá a padà sí èwe rẹ̀.

Ẹ sì wo ibi tí ẹ máa gbé e kalẹ̀ sí. Máńgòrò tó wà nínú ike onílítà méjì lónìí, ó máa ga ju ilé lọ tí ẹ kò bá gé e. Mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí ògiri ni mo máa ń fún un. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi í sábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá máa fi oòrùn hàn án díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán lójijì máa ń jó ewé tó dàgbà sínú ilé.

Alágbàlá_Kékeré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá. Mo lu ìdí ike. Mo jẹ máńgòrò mẹ́fà (kò sí ẹni tó fipá mú mi), mo la gbogbo rẹ̀, kòkòrò wà nínú ọ̀kan, ọ̀kan rà nínú tíṣù, mẹ́rin hù. Ìbẹ́pẹ ti di méje. Píà ṣì jókòó bí òkúta.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú máńgòrò náà yọ èéhù mẹ́ta! Méjì ga dọ́gba, ewé wọn jọra. Ẹ̀kẹta kúrú, ewé rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Èwo ni kí n fà tu?

Bàbá Onímáńgòrò

O ṣe é! Má fa ìkankan tu báyìí, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra, o lè fa gbogbo wọn jáde. Dúró kí ewé wọn le, kí o wá fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tí o kò fẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú ilẹ̀.

Èyí tó kúrú tí ewé rẹ̀ sì yàtọ̀ ló ṣeé ṣe kó ní bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè búra, nígbà míì òun ló máa ń lágbára jù. Bí èso ìyá wọn ló wù ọ́, tọ́jú ọ̀kan nínú àwọn méjì tó jọra.

Ìyá Eléso

Bí ààyè bá wà, má gé ẹni kúkúrú yẹn. Tú ike náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ sínú omi, á rọrùn láti ya gbòǹgbò wọn, kí o gbin òun náà sínú ike tirẹ̀. Èmi fẹ́ mọ ohun tí yóò so.

Ẹ_Má_Bínú_Sí_Mi

Ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Bí ó bá so, ẹ pè mí.